Kí orin àwo kejì kọ́kọ́ gba ojúde kó tó wọ sítúdíò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan bá kéde pé àwo kejì ń bọ̀, ìbéèrè méjì ni àwọn oníròyìn sábà máa ń bi wọ́n: ọjọ́ wo ni yóò jáde, ta sì ni wọ́n pè wá bá wọn kọrin nínú rẹ̀? Àwa tí à ń ṣe ètò ohùn fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ní Òṣogbo níbí ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọ̀kan ṣíwájú méjèèjì: orin mélòó nínú àwo náà ni wọ́n ti kọ lójú èrò kí wọ́n tó gbé e wọ sítúdíò? Bí wọ́n bá ní kò sí, ibẹ̀ ni àníyàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwo àkọ́kọ́, orin ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń jẹ́. Wọ́n ti kọ ọ́ níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, wọ́n ti kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí èèyàn 15 jókòó sí àti níbi tí 300 ti dúró. Ibi tí orin ti gùn jù, èrò ti fi hàn wọ́n, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ti ń wo fóònù wọn. Ibi tí ègbè ti ga ju agbára akọrin lọ, ọ̀fun rẹ̀ ti sọ fún un. Kí wọ́n tó dé sítúdíò, ohun tí kò wúlò ti bọ́ dànù. Àwo kejì kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, nínú yàrá kan, nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á hun orin mẹ́wàá, wọ́n á gbà á, wọ́n á gbé e jáde. Orí ìtàgé ni wọ́n á ti wá mọ̀ pé orin kẹta yára jù, àti pé ẹni tó ń kọ orin kẹfà kò lè ta gìtá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Àwo sì ti jáde nígbà náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì mọ èyí dájú. Orí ìtàgé ló ti ń tún orin rẹ̀ ṣe títí yóò fi gún régé. Bó bá ti wọ àwo tán, kì í sábà kọ ọ́ lójú èrò mọ́. Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́nu ìrìn àjò ni wọ́n ti gba àwo kejì wọn ní 1969. Bí wọ́n ṣe ń ṣeré káàkiri Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yà sí sítúdíò tó bá wà nítòsí, àwo náà sì jáde lóṣù kẹwàá ọdún kan náà tí ti àkọ́kọ́ jáde lóṣù kìíní. Nirvana, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gba díẹ̀ nínú orin àwo kejì tiwọn lóṣù kẹrin 1990. Wọ́n padà sójú ọ̀nà, wọ́n pààrọ̀ onílù, wọ́n kọ orin tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní California ní 1991 kó tó jáde lóṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkèèrè nìkan la ti ń wá àpẹẹrẹ. Ìlú yìí gan-an ni ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Dúró Ládípọ̀ fi ṣe ibùdó kó tó gbé eré rẹ̀ dé Berlin ní 1964. Eré tí ẹgbẹ́ alárìnkiri bá ti ṣe ní ìlú mẹ́wàá ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ nílé.

Àwọn kan á ní bí àwọn bá kọ orin náà síta kó tó jáde, àwọn èèyàn á fi fóònù gbà á, á sì di àtijọ́. Ẹ̀rù yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí èrò gbé sórí fóònù, ìpolówó ọ̀fẹ́ ni. Bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀, kí wọ́n fi orin méjì pamọ́ fún ọjọ́ ìjáde, kí ìyókù jáde síta.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é rèé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ orin 10 lórí àwo, kó kọ 14. Níbi eré kọ̀ọ̀kan, kó fi orin tuntun mẹ́rin sáàárín àtijọ́ mẹ́jọ, torí pé èrò tí kò bá mọ orin kankan á tètè rẹ̀. Eré mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fún un, bí àyè bá ti yàtọ̀ síra: gbọ̀ngàn kékeré, ìta gbangba bíi Freedom Park ní Old Garage, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kí wọ́n gba eré náà sílẹ̀ tààrà láti ara míṣà (ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo ohùn pọ̀), kí fóònù kan sì wà láàárín èrò pẹ̀lú, torí pé èyí tó ti ara míṣà wá kò ní ohùn èrò nínú, ohùn èrò gan-an la sì ń wá. Lọ́jọ́ kejì kí gbogbo wọn jókòó gbọ́ ọ, kí wọ́n kọ ìyára orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní BPM (iye lílù ní ìṣẹ́jú kan), kíì (ìpele ohùn) tí wọ́n fi kọ ọ́, àti ìṣẹ́jú tí ariwo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín èrò. Orin tí ariwo bá ti bò ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gé.

Lórí ọ̀rọ̀ kíì, ìdánwò kan wà tí kì í purọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 60 lórí ìtàgé, kí akọrin kọ ègbè tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn. Bí ohùn bá já, kí wọ́n sọ kíì náà kalẹ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwo bá jáde. Bí wọ́n bá wá sọ gìtá kalẹ̀ láti E dé D, okùn .010 (ìnípọn rẹ̀ ní íńṣì) tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ á máa rọ̀, ohùn á máa yẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lágbára; .011 sí .052 ló yẹ kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tún ọrùn gìtá àti afárá rẹ̀ tò, torí pé okùn tó nípọn ń fa ọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní 1973, nígbà tí Paul McCartney, olórin Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gba orin ní sítúdíò EMI ní Àpápá, ẹ̀rọ onílà mẹ́jọ (tó lè gba ohùn mẹ́jọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìlà mẹ́jọ kò gba àìmọ ohun tí à ń ṣe. O gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ń lọ kó tó dòwúrọ̀ ọjọ́ ìgbohùn. Lónìí kọ̀ǹpútà fún wa ní ìlà tó pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, ẹgbẹ́ tí kò tíì parí orin rẹ̀ á sì máa fi gìtá kẹfà bo àṣìṣe gìtá kejì. Owó sítúdíò ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Rìháásà ilé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà.

Ó wá kan ìgbohùn fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ máìkì, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná, torí pé iná ló ń ba àwo jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Bí fólítì bá ń lọ sókè sódò, kọ̀ǹpútà á pa lójijì, ohun tí ẹ gbà á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Sitabiláísà nìkan kò tó. Kí UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná ró bí iná bá lọ lójijì) wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgbohùn. Ínfátà tó bá jẹ́ modified sine wave máa ń fi ariwo bíi ti eṣinṣin sínú gìtá iná. Pure sine wave ni kí ẹ wá. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 15 ó kéré tán, kó wà lẹ́yìn ògiri, kí wáyà tó gbé iná wọlé sì nípọn tó 4 mm², torí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ́ kí iná relẹ̀ nígbàkígbà tí gìtá báàsì bá dún, àmúpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga) á sì máa mí hẹlẹ.

Ariwo húùù tí ẹ máa ń gbọ́ nínú sípíkà, 50 Hz àti 100 Hz ni (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), láti ara iná. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹ̀rọ méjì tí wọ́n so pọ̀ ń gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ́ẹ̀tì wọn (wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀) yàtọ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ ohùn sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó máa ń dákẹ́. Ẹ ri ọ̀pá bàbà tó tó mítà kan àti ààbọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó tutù, kí ẹ máa da omi sí i nígbà ọyẹ́, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná dànù dáadáa. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín pẹ̀lú ọlọ́run: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì kúrò láti fi pa ariwo yẹn. Onígìtá tó di okùn irin mú, tó sì fi ẹnu kan máìkì tó ti ara ẹ̀rọ mìíràn wá, ara rẹ̀ ni iná á gbà kọjá. Ọ̀nà ikú ni, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Òrùlé páànù náà ní tirẹ̀. Òjò tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín orin, orin ọ̀hún ti lọ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè yọ ọ́ kúrò nínú máìkì ìlù. Nítorí náà oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù fún ìgbohùn ìlù àti orin ẹnu ní apá ibí, òru ló sì dára jù nínú rẹ̀, nígbà tí gbohùngbohùn ilé ìjọsìn àti ọkọ̀ bá ti dákẹ́. Ọyẹ́ náà kò ṣàì ní ìṣòro: ó ń gbẹ igi gìtá, ó sì ń ti ohùn sókè sódò, ẹ máa tún un mú ṣáájú gbogbo ìgbohùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Fi gìtá onígi sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù díẹ̀ nínú ike tí wọ́n lu níhò, kó má baà sán.

Ìlù òyìnbó ni ká kọ́kọ́ gbà, ká sì fi gbogbo ara gbà á, torí pé ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Awọ tuntun ni kí ẹ wọ̀ fún sìnéà (ìlù tó ní wáyà nísàlẹ̀) àti tọ́ọ̀mù (àwọn ìlù tó yí i ká), kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣáájú kó lè nà tán, kí ẹ tún un so lọ́jọ́ kejì. Máìkì mẹ́jọ tó: ọ̀kan sí kíìkì (ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù), méjì sí sìnéà lókè àti nísàlẹ̀, mẹ́ta sí tọ́ọ̀mù, méjì lókè orí. Máìkì ìsàlẹ̀ sìnéà gbọ́dọ̀ yí fáàsì padà (kí ìgbì ohùn rẹ̀ dojú kọ apá òdìkejì). Bí ẹ bá gbàgbé, ohùn sìnéà á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó sì máa rò pé ìlù ni kò dára. Àwọn méjì tó wà lókè, ẹ fi okùn wọ̀n wọ́n: kí ìwọ̀n láti àárín sìnéà dé ọ̀kan bá ti èkejì mu gẹ́lẹ́. Ìdí ni pé ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí máìkì kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà ju èkejì, ohùn tó wà ní 500 Hz á pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, sìnéà á sì dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Okùn tí kò tó náírà ẹgbẹ̀rún kan ló ń yanjú èyí tí ẹ̀rọ olówó iyebíye kò lè yanjú. Ògiri sìmẹ́ǹtì ń dá ohùn padà, ẹ fi fóòmù ibùsùn tàbí kápẹ́ẹ̀tì nípọn bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn onílù.

Ẹ má gba ohùn lágbára jù. Láyé ìgbà téèpù ni ìyẹn ní ìtumọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, 24 bit, 48 kHz, kí ohùn tó pariwo jù kàn -10 dBFS (ìwọ̀n agbára ohùn lórí kọ̀ǹpútà, tí 0 jẹ́ òkè pátápátá). Bó bá ti fọ́ lórí 0, ó ti fọ́ títí láé.

Ní ti gángan, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó bá gbé ní Òṣogbo á fẹ́ fi sínú orin wọn (ẹ̀tọ́ wọn sì ni, ọ̀dọ̀ àwọn Àyàn ni wọ́n ń gbé), ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé gángan ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń rìn láàárín 200 sí 400 Hz, ibi kan náà tí gìtá iná ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ti gìtá sókè, gángan á dákẹ́. Bí ẹ bá ti gángan sókè, gbogbo orin á dúdú. Ọ̀nà àbáyọ kò sí lórí míṣà, orin ni kí ẹ tún tò: níbi tí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, kí gìtá kan dákẹ́ tàbí kó gòkè lọ sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Máìkì kan ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń lù, kó dojú kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má jẹ́ tààrà. Lásìkò òjò awọ á rọ̀, ọsán á sì máa fà lásán. Kí onílù mú gángan méjì wá, kí ọ̀kan máa yá iná nígbà tí èkejì ń dún. Ẹ sì jẹ́ kí Àyàn gbọ́ orin náà ṣáájú ọjọ́ ìgbohùn, kó mọ ohun tí akọrin ń sọ. Onílù tí wọ́n kàn pè wá kún orin tí wọ́n ti gbà tán, àríyá ló máa lù, kò ní lu orin yẹn.

Gìtá báàsì, ẹ fi wáyà gbà á tààrà, kí ẹ sì fi máìkì sẹ́nu àmúpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gìtá iná, máìkì ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí aṣọ sípíkà, ní ẹ̀gbẹ́ àárín rẹ̀. Àárín gan-an ń ta létí, etí sípíkà ń dúdú. Orin ẹnu, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Bí ìlà bá jẹ́ 16, orin ìṣẹ́jú márùn-ún kan ní 24 bit àti 48 kHz ń jẹ àyè tó nǹkan bíi MB 690. Orin mẹ́wàá, tí ẹ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ti sún mọ́ GB 28 kí ẹ tó fi ohun kan kún un. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun èlò méjì tó yàtọ̀, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà. Sítúdíò tí olè fọ́ tàbí tí àgbàrá wọ̀ ti gba àwo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo.

Míìsì (pípa gbogbo ìlà pọ̀ di orin kan): ẹ má fi etí kan náà tó gba orin náà ṣe é lọ́jọ́ kejì, ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, lórí fóònù, lórí sípíkà kan ṣoṣo. Másítà (àtúnṣe ìkẹyìn kí orin tó jáde), kí ẹlòmíràn ṣe é. Kò sí ìdí láti ti i sókè débi tí yóò fi fọ́. Spotify, ibi ìgbórin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fà gbogbo orin sí nǹkan bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe pariwo), èyí tó pariwo jù ni wọ́n ń sọ kalẹ̀. Kí òkè rẹ̀ má kọjá -1 dBTP (ìwọ̀n ibi tí ohùn ga jù).

Ìwé ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń di ọ̀tá. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kúrò ní yàrá tí wọ́n ti parí orin kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló hun orin, ìdá mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí Àyàn náà wà nínú ìwé yẹn bí ọ̀rọ̀ ìlù rẹ̀ bá jẹ́ ara orin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun tí Nàìjíríà ṣe, Copyright Act 2022, dáàbò bo orin títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, àti ohùn tí wọ́n gbà fún ọdún 50. Àwọn ọmọ ọmọ ló máa jà sí i bí kò bá sí ìwé. Kí wọ́n forúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN (Musical Copyright Society Nigeria, ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún àwọn tó ni ín). Orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ISRC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohùn tí wọ́n gbà) tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, tí wọ́n bá sì tún orin náà gbà, nọ́ńbà tuntun ni.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń ba ìjáde jẹ́: àmì ohùn. Bí orúkọ ẹgbẹ́ bá ní Ọ̀ṣun lórí àwo àkọ́kọ́, tí ó wá jẹ́ Osun lórí èkejì, àwọn ibi ìgbórin orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè kà á sí ẹgbẹ́ méjì, orin á pín sí ojú ewé méjì, àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà kò sì ní gbọ́ pé àwo tuntun jáde. Ẹ mú ìkọsílẹ̀ kan, ẹ má yẹsẹ̀. Àwòrán iwájú àwo, píkísẹ́ẹ̀lì 3000 níbùú àti 3000 lóòró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún olùpín orin (ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin lọ sórí àwọn ibi bíi Spotify) ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Spotify ní kí orin dé ọ̀dọ̀ àwọn ó kéré tán ní ọjọ́ méje ṣáájú bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò fún àwọn àtòjọ wọn. Láti 2024, orin tí kò bá tíì pé 1,000 gbígbọ́ láàárín oṣù 12 kò ní gba owó ohùn níbẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé owó tó máa dá ẹgbẹ́ olórin dúró kò sí nínú fóònù. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló wà. Ẹ má gbàgbé rédíò o: OSBC (ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó wà káàkiri sábà máa ń fẹ́ orin tí kò gùn jù, kí ẹ gé ẹ̀dà kan fún wọn, kí wọ́n má baà gé e fúnra wọn níbi tí kò yẹ.

Ìrìn àjò tó tẹ̀ lé ìjáde àwo la fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣírò rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́. Nínú náírà mẹ́wàá tó bá wà nílẹ̀, ọ̀kan fún rìháásà, mẹ́ta fún ìgbohùn, ọ̀kan fún míìsì àti másítà, méjì fún ìjáde, mẹ́ta fún ojú ọ̀nà. Ohun tí a ń rí ni pé wọ́n á fi méje sí sítúdíò, méjì á lọ sórí fídíò, ìrìn àjò á wá jẹ́ ohun tí wọ́n ń tọrọ.

Láti Òṣogbo, ọ̀nà méjì ló rọrùn. Ọ̀kan gba Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Èkejì gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú ìrìn kan. Eré méjì, kí ọjọ́ kẹta jẹ́ ìsinmi ọ̀fun. Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ẹgbẹ́ ń sáré sí, Sátidé sì ni òde àríyá ti gba gbogbo ẹ̀rọ ohùn tó dára nílùú, iye owó á sì lọ sókè. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló yẹ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ gíga kí ẹ má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ wo Ramadan àti ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Lóṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun ń kó èrò wọ Òṣogbo. Eré lè kún nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ ti gba ilé ìtura sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú.

Kí ìwé kan ti dé ọwọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: àwòrán ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí lórí ìtàgé, àti àtòjọ ìlà. Ìlà 16 tó fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: kíìkì, sìnéà, háì-hátì, tọ́ọ̀mù méjì, máìkì òkè méjì, gángan, báàsì, gìtá méjì, kíbọ́ọ̀dù méjì, orin ẹnu mẹ́ta. Ìwé àdéhùn tún gbọ́dọ̀ dáhùn pé ta ló ń ra dísù jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ eré ló ti dá dúró ní agogo mẹ́wàá alẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó rò pé tòun ni. Ìdajì owó kí ọkọ̀ tó gbéra, ìdajì kí ẹgbẹ́ tó gorí ìtàgé.

Nínú ọkọ̀, bọ́ọ̀sì Hiace kan ń gbé èèyàn méje àti ẹrù bí ẹ bá yọ àga ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó wúwo lọ sísàlẹ̀, síwájú, kó má ta sí èèyàn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Kí àpò kan wà tí wọ́n kì í ṣí fún ohun mìíràn: okùn gìtá mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀pá ìlù mẹ́fà, awọ sìnéà kan, kọ́kọ́rọ́ ìlù méjì, wáyà gbogbo ní ìlọ́po méjì, bátìrì 9V, fíúsì. Fíúsì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tó jó. Ẹni tó bá fi bébà dídán sìgá dí i, àmúpù ló máa jó nígbà kejì. Kápẹ́ẹ̀tì mítà méjì níbùú àti lóòró fún onílù, torí pé ìtàgé táìsì ń jẹ́ kí kíìkì máa sá lọ.

Sípíkà tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn máìkì gan-an, níbi tí máìkì kì í ti gbọ́ràn. Bó bá ń ké, ẹ má ti gbogbo ohùn kalẹ̀. Ẹ wá ojú ibi tó ń ké, ẹ gé ibẹ̀ nìkan. Akọrin tó bá ń fi ọwọ́ bo orí máìkì ló ń mú un ké, ẹ kọ́ ọ kó mú ọrùn rẹ̀.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ tí a mú wá kò pọ̀. Ẹ fún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní àyè kékeré ní ojú ewé orin yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, ọjọ́, agogo tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gan-an àti iye owó ìwọlé, kó tó tó àsìkò àwo, nígbà tí orin ṣì ń wá èrò tí yóò tún un ṣe. Àwọn òǹkàwé yín tó wà ní Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkìrun lè dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwa ni,
Òṣìṣẹ́ ètò ohùn fún àwọn ẹgbẹ́ olórin,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.